Ọ̀wẹ̀ Ìṣirò Lórí Àwọ̀n Tí Ojú Rẹ̀ Kò Dọ́gba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí a kò bá pín iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ dáadáa, ẹnì kan ni yóò máa làágùn tí àwọn yòókù yóò máa sinmi lábẹ́ igi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìṣirò tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jùmọ̀ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á wo etí omi ní Ogun Waterside. Onímọ̀ tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí omi yóò yà sí bí òkun bá ru yóò fi àwọ̀n bo àwòrán ilẹ̀ náà, yóò sì ṣírò gíga omi ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ní agbami ọ̀sà, ojú ńlá tó. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ti ń yà gba inú àbàtà, ojú gbọ́dọ̀ kéré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ odidi abúlé lè bọ́ gba inú rẹ̀ bí ẹja wẹ́wẹ́.

Ìṣirò yìí pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ kan lọ. Ní 1989, Philip Emeagwali, tí a bí ní Àkúrẹ́ ní 1954, gba ẹ̀bùn Gordon Bell fún ìṣirò epo abẹ́ ilẹ̀, èyí tí ó fi ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ ìṣirò 65,536 ṣe.

Báwo ni a ó ṣe pín in? Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ pé ibi tí igbó bá ti dí, ìpín ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré. Nítorí náà, iye ojú àwọ̀n ni a ó fi pín in, kì í ṣe fífẹ̀ ilẹ̀. Nítorí ní ìpele kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ní láti dúró de ẹni tí ó kẹ́yìn.

Èkejì ni ààlà. Àwọn tí ó bá ara wọn pààlà gbọ́dọ̀ máa sọ èsì fún ara wọn. Ìpín tí ó jẹ́ 10 lọ́nà 10 ní ojú 100. 36 nínú wọn wà ní etí. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú 25, 16 sì wà ní etí. Bí òṣìṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ ń borí iṣẹ́. Ibi tí okùn tí a ó gé kò ti pọ̀ ni kí á ti gé àwọ̀n náà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní Àgọ́-Ìwòyè, ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa. Ẹ jẹ́ kí á máa fi èdè wa ṣàlàyé rẹ̀.