Ṣé O Mọ̀? Ọ̀rọ̀ Díífù Ọkọ̀ Àjàgbé

Ṣé o mọ̀ pé bí tírélà bá ń yí, táyà ẹ̀yìn ọ̀tún àti tòsì kì í rìn dọ́gba? Ká ní mítà méjì ló wà láàárín wọn. Bí ọkọ̀ náà bá yí po lódindi, táyà tó wà lóde yóò fi nǹkan bíi mítà 12 àti àbọ̀ rìn ju ti inú lọ, ìbáà ṣe gbàgede ńlá ló ti yí tàbí ojú kan tó há. Díífù, ìyẹn àkójọ gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ni kì í jẹ́ kí ọ̀kan máa wọ́ èkejì nílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọgbọ́n yìí ti pẹ́? Ní 1828 ni ará Faransé kan, Onésiphore Pecqueur, gbàwé àṣẹ lórí díífù fún ọkọ̀ tó ń fi ooru omi híhó rìn. Ọkọ̀ elépo bẹntiróòlù kò tíì dáyé nígbà náà.

Bí wọ́n bá fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n tú bíréèkì, tí pùròpélà (ọ̀pá tó ń gbé agbára gíábọ́ọ̀sì wá sí díífù) kò sì lè yí, fọwọ́ yí táyà ọ̀tún síwájú: ti òsì yóò yí sẹ́yìn. Ó jọ eré ọmọdé, àbí? Ohun kan náà ló ń mú kí táyà kan máa yí fìrìfìrì nínú ẹrẹ̀, kí èkejì tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ dúró gbọin bí ẹni pé kò bá wọn dá sí i.

Ṣé o mọ ìdí tí kíráùn, gíà ńlá inú díífù, fi lè ní eyín 41, kí píníọ̀nù, gíà kékeré tó ń yí i, ní 10, dípò 40 sí 10? Kí eyín kan má bàa máa bá eyín kan náà pàdé ṣáá ni. Báyìí, gbogbo wọn ni yóò kan ara wọn, wọn yóò sì jẹ dọ́gba.

Iléeṣẹ́ a máa lọ àwọn méjèèjì pọ̀, wọn a sì fín nọ́ńbà kan náà sí wọn lára. Nítorí náà, ìwọ tó ń lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípò, l'Ékòó, lọ ra píníọ̀nù tọ́kúnbọ̀ kan ṣoṣo, owó ariwo lo fẹ́ san yẹn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni títo kíráùn mọ́ píníọ̀nù. Àyè tí a ń fi sílẹ̀ láàárín eyín kíráùn àti ti píníọ̀nù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá kò ju mìlímítà 0.25 sí 0.5 lọ, ìyẹn bíi fọ́nrán irun orí mẹ́ta sí mẹ́fà. Bó bá fún jù, ọ́ìlì kò ráyè wọlé, eyín á gbóná. Bó bá dẹ̀ jù, wàá gbọ́ "gbàà!" nígbàkígbà tó o bá tẹ iná.

Ọ̀dà ló ń sọ òtítọ́ bóyá títò náà dára. Mẹkáníìkì yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kun bí eyín 12 lára kíráùn, yóò yí i, yóò sì wo ibi tí ọ̀dà ti bó. Àárín eyín ni kó ti bó. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó orí eyín, píníọ̀nù jìnnà, kí wọ́n sún un mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ìdí eyín, ó ti wọlé jù. Bó bá jẹ́ ìpẹ̀kun eyín tó kọjú sínú kíráùn, kíráùn ló sún mọ́ píníọ̀nù jù. Láti sún kíráùn, wọn a tú òrùka béárìn ọwọ́ kan díẹ̀, wọn a sì dè ti ọwọ́ kejì ní ìwọ̀n kan náà, kí béárìn má bàa dẹ̀. Ẹni tó ní etí lòun fi ń tò ó, má fi ọkọ̀ rẹ sílẹ̀ fún un.

Ṣé o mọ̀ pé táyà tuntun lọ́tùn-ún, táyà tó ti jẹ lósì, kò ní jẹ́ kí àwọn gíà kéékèèké inú díífù sinmi, kódà lórí ọ̀nà tó tọ́ tààrà?

Bí ọkọ̀ rẹ bá sì kú sọ́nà tí wọ́n fẹ́ fà á, tí táyà ẹ̀yìn ṣì wà nílẹ̀, jọ̀wọ́, ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ sáídì ṣáàfù, ọ̀pá tó so díífù mọ́ táyà. Bí wọn ò bá yọ ọ́, táyà á yí díífù, díífù á yí pùròpélà, pùròpélà á máa yí inú gíábọ́ọ̀sì tí ọ́ìlì kò dé, á sì jóná kẹ́ ẹ tó délé.