Àwọn Ọmọ Oníbátìrì: Ẹ Mú Wọn Wá fún Àyẹ̀wò Òjé

Àwọn aṣàtúnṣe bátìrì ní Agége mọ̀ pé òjé ń wọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń wá ṣe àyẹ̀wò. Àmọ́ àwọn nìkan ni wọ́n ń wá. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè àwọn ọmọ, èsì kan náà ni: "Wọn kì í dé ìsọ̀ mi."

Òjé ló ń bá bàbá wálé. Ẹni tó fi àáké la bátìrì, tó yọ́ pléètì inú rẹ̀ lórí iná, eruku rẹ̀ ti wọnú irun, èékánná àti ṣòkòtò rẹ̀. Bó bá wọlé nírọ̀lẹ́, ọmọ á sáré dì mọ́ ọn, á sì ti ọwọ́ bọ ẹnu. Wọ́n tún lè da ṣòkòtò yẹn pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ nínú báfù kan. Òjé tí ara ọmọdé ń fà nínú ohun tó bá gbé mì tó ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbà. Nítorí náà, èsì bàbá kì í ṣe èsì ọmọ. Bí ti bàbá bá dára, kí ó ṣì mú ọmọ wá.

Ní Zamfara, ní 2010, àwọn awakùsà wúrà gbé òkúta olójé wá sí agboolé, wọ́n lọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ọmọ tó kú lé ní 400.

"Ara ọmọ mi le" kò tó ẹ̀rí. Òjé lè ti máa ba ọpọlọ jẹ́ kí inú rírun tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá di gìrì, ó ti wọra gan-an. Mílíìkì agolo àti epo pupa tí àwọn kan ń mu lẹ́yìn iṣẹ́ kì í fọ̀ ọ́ kúrò. Aboyún tó ń fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ náà yẹ fún àyẹ̀wò.

Tìróò ńkọ́? Ní Boston, ní 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan. Tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un, òjé sì lé ní ìdá 80 nínú 100 rẹ̀. Kí ìyá tó ń lé e fọ́mọ mú ìgò rẹ̀ dání wá síbi àyẹ̀wò.



Kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ dáadáa kí wọ́n tó gún un ní ìka. Eruku òjé tó bá wà lórí ìka lè mú kí èsì ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á sì tún gba ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan apá.