Kamina: Iṣẹ́ Ọdún Mẹ́ta Tí Òru Kan Bà Jẹ́

Láti Tchaourou dé Atakpamé ní orílẹ̀-èdè Tógò, ọ̀nà jìn. A kọjá Savè, Dassa àti Savalou, kí a tó dé Tchetti tó wà nítòsí ẹnubodè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ ọjà Atakpamé, tí ìyá oníṣu kan kí wa káàbọ̀, ohun tó sọ yé wa. Èdè Ifẹ̀ ni, ẹbí Yorùbá wa ni wọ́n.

Kamina tí a ń lọ kò jìnnà síbẹ̀. Inú koríko ni àwọn ìpìlẹ̀ kọnkéré ńláńlá wà, pẹ̀lú irin ẹ̀rọ tó ti dípẹtà.

Àwọn Jámánì, tó ń ṣàkóso Tógò nígbà náà, ló kọ́ ọ láàárín ọdún 1911 sí 1914. Ibùdó rédíò ni, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láìlo wáyà. Òpó irin mẹ́sàn-án ló ní. Èyí tó ga jù tó mítà 120. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀, ọ̀nà tó ju 5,000 kìlómítà lọ.

Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù August 1914, Kamina ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé dójú sọ. Gẹ̀ẹ́sì gba Lomé, wọ́n ń tọ ojú irin bọ̀ wá sókè. Faransé wọlé láti Dahomey, ìyẹn Benin wa òní. Lọ́jọ́ 22 oṣù náà, ìjà gbóná létí odò Chra.

Jámánì rí i pé ọwọ́ fẹ́ tẹ àwọn. Lóru 24 mọ́jú 25 August, àwọn fúnra wọn ló wó òpó, tí wọ́n fọ́ ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ 26, wọ́n túúbá.

Ogun òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú ṣójà ìhà méjèèjì. Alhaji Grunshi, ṣójà Gold Coast, ni ìtàn sọ pé ó yin ìbọn àkọ́kọ́ fún ọmọ ogun orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun náà, ní ilẹ̀ Tógò yìí. Nígbà tí ogun parí, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Tógò mọ́ra wọn lọ́wọ́. Erin méjì jà, koríko ló fara gbá a.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa tó ń ná ọjà Atakpamé, ẹ yà sí Kamina lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì mú ọmọ yín dání. Ìtàn tiwa náà ló wà níbẹ̀.