Oṣù mẹ́ta láàárín àwọn olùyẹ̀wò ìwé owó

Nígbà tí ọmọ kan bá ti Onigbolo lọ sí Kútọnu láti kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó, ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń rò ni pé inú yàrá tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ ni yóò máa jókòó sí, tí yóò máa tẹ kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa àtijọ́ kan ló lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, orí òkìtì páálí tòmátò alágolo ni ó wà, nínú ilé ìkẹ́rù kan lẹ́yìn ìlú, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, eruku sì ti bo aṣọ funfun tí ìyá rẹ̀ rán fún un nítorí ibi iṣẹ́. A ti gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí a tó kọ ìtàn yìí. Ó ní kí a má dárúkọ òun, kí a má dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó gba òun, kí a má sì dárúkọ ẹni tó ni ilé ìkẹ́rù náà. A gbà fún un.

Àwa tí a ń kọ́ni ní agbègbè Pobè àti Sakété mọ bí ó ti ṣòro tó kí ọmọ wa kan tó rí ibi ìkọ́ṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní stage. Ní Onigbolo, iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀ láti ayé ìjọba Kérékou, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ru àpò kọjá, ṣùgbọ́n ìwé tí ń rìn tẹ̀ lé àwọn àpò náà kò hàn sí wọn. Kútọnu ni àwọn ilé iṣẹ́ ìṣirò owó ńláńlá wà, ẹni tí kò bá sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí kan níbẹ̀ yóò kọ lẹ́tà títí ọwọ́ yóò fi máa ro ó. Ọmọ wa kọ lẹ́tà sí ibi mọ́kànlá. Ibì kan ṣoṣo ló dá a lóhùn, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù. A kò tíì mọ ìdí rẹ̀ títí di òní, àfi bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan níbẹ̀ ń ka lẹ́tà lóòótọ́.

Kí ó tó lọ, ó wá kí wa, a sì sọ ìtàn Akintola Williams fún un. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1919. Ó kàwé ní Yaba, ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1944, ó sì gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ ní 1949, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò di chartered accountant. Ní 1952 ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bá a ṣe ni ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe. Nígbà tí ó yá, ilé iṣẹ́ rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ Deloitte. Ó kú ní 2023, lẹ́ni ọdún 104. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó ní: "Ṣùgbọ́n ó ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, mùsíọ̀. Èmi ń lọ ká ìwé." Òótọ́ ni ó sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ká ìwé ni ó ká. Wọ́n á kó àpótí kan fún un tí ó kún fún ìwé owó ọjà, wọ́n á sì fi ìwé àkọsílẹ̀ ọdún tì í. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó wá ìwé tí ó bá a mu, kí ó wo ọjọ́, kí ó wo iye, kí ó wo bóyá ẹni tó yẹ kí ó fọwọ́ sí i fọwọ́ sí i, kí ó sì fi bírò pupa fa àmì kékeré síwájú rẹ̀. Bí ìwé kò bá sí, yóò kọ nọ́ńbà ìlà náà sọ́tọ̀. Ó tún kọ́ bí a ti ń fi ìwé báǹkì wé ìwé ilé: bí oníṣòwò kan bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì ní 29 oṣù Ọ̀pẹ, tí ẹni tó gbà á kò sì tíì gbé e dé báǹkì kí ọdún tó parí, iye méjèèjì kò ní dọ́gba, kò sì sí olè níbẹ̀. Kí ènìyàn mọ ìyàtọ̀ tí ó ní ìdí yàtọ̀ sí èyí tí kò ní, ó ní ohun tí ó pẹ́ kí ó tó yé òun nìyẹn.

Àwọn nọ́ńbà tí a kọ́ ọ ní kíláàsì kò ṣàjèjì sí i: 401 fún àwọn tí a jẹ ní gbèsè ọjà, 411 fún àwọn oníbàárà, 521 fún báǹkì, 571 fún owó inú àpótí. Nọ́ńbà kan náà ni oníṣirò owó ní Dakar àti ní Douala ń lò, nítorí pé orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú OHADA, èyí tí àdéhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Port-Louis ní 1993. Wọ́n tún ètò ìṣirò náà ṣe, èyí tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2018. Lábẹ́ òfin náà, ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ni ọdún ìṣirò ń parí, oṣù mẹ́rin péré sì ni ilé iṣẹ́ ní láti fi parí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùyẹ̀wò kì í fi í sùn láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ títí di òpin oṣù Igbe. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí wọ́n fi ń rán ènìyàn lọ ka ẹrù ní ọjọ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń pa adìẹ ọdún.

Olùyẹ̀wò kì í bá onílé ka ẹrù rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ó jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rù ni wọ́n ń kà, òun yóò wò wọ́n, yóò sì tún díẹ̀ kà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni yóò gbà. Yóò mú ohun kan láti inú ìwé, yóò lọ wá a nílẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ wà ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà yóò mú ohun kan láti ilẹ̀, yóò wá a nínú ìwé, kí ó lè mọ̀ pé wọn kò fi ohunkóhun pa mọ́. Èyí kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn baba wa ń ṣe nígbà tí owó ẹyọ ń ná: wọ́n ń kà á ní márùn-ún márùn-ún, ogójì á di okùn kan, àádọ́ta okùn á di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá á di ọ̀kẹ́, èyí tí í ṣe 20,000. A kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn gba ọ̀kẹ́ lọ́wọ́ àjèjì láì tú ẹnu rẹ̀ wò.

Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rù náà jẹ́ àgbàlagbà kan láti apá Sakété. Bí ó ti gbọ́ ohùn ọmọ náà ni ó ti mọ ibi tí ó ti wá. Ó gbé àga fún un, ó fún un lómi mu, ó bi í nípa òbí rẹ̀ àti àgbàdo ọdún náà. Ọ̀gá rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wà ní ìkángun kejì pẹ̀lú àwọn àpò ìrẹsì. A ní láti sọ ọ́ níbí pé kò yẹ kí wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ lóun nìkan. Ṣùgbọ́n ilé ìkẹ́rù mẹ́rin ni wọ́n ní láti parí lọ́jọ́ náà.

Òkìtì páálí tòmátò náà gùn ní páálí 12, ó fẹ̀ ní 8, ó ga ní 10. "Ẹgbẹ̀rún ó dín ogójì," ni bàbá náà wí, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì wà nínú ìwé. Ọmọ náà béèrè àkàsọ̀.

"Àkàsọ̀ yẹn kò lágbára mọ́, ọmọ mi. Ta ni ń gun òkìtì?"

Ó gùn ún. Nígbà tí ó dé àárín, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dún gbì bí awọ ìlù. Ó ṣí páálí kan kúrò, ó rí pákó lábẹ́ rẹ̀, lábẹ́ pákó náà kò sí nǹkan kan. Àyè náà gba páálí 6 ní gígùn, 4 ní fífẹ̀, 9 ní jíjìn: 216 kò sí níbẹ̀. 744 ló kù.

Bàbá náà kò pariwo. Ó ní àbúrò ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló kó wọn fún oníbàárà kan láti tà fún ọdún, láì kọ ìwé, àti pé kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, owó rẹ̀ yóò ti wọlé. "Kọ ọ́ bí ó ti wà nínú ìwé, ọmọ mi. Ilé kan náà ni wá."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí mo rí ni mo lè kọ. Ṣé kí n kọ ohun tí ẹ sọ náà mọ́ ọn, pé àbúrò ọ̀gá ló kó o?"

Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. "Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni."

Ó kọ 744. Ní ibi tí wọ́n ń kọ àlàyé sí, ó kọ ọ́ pé àárín òkìtì ṣófo, wọ́n sì fi pákó bò ó. Kò kọ orúkọ. Bàbá náà fọwọ́ sí ìwé náà láì wo ojú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ó pè wá. Kò béèrè bóyá nọ́ńbà náà tọ̀nà; ó mọ̀ pé ó tọ̀nà. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá kò yẹ kí òun kọ orúkọ náà, nígbà tí ẹni tí kò jí nǹkan ni ìwé náà yóò ṣubú lé lórí. Ọdún méje ni a fi kọ́ ọmọ yìí pé kí ó kúnlẹ̀ kí àgbà, kí ìṣirò rẹ̀ sì dọ́gba. A kò kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe bí méjèèjì bá pàdé lórí òkìtì kan. A sọ fún un pé ó ṣe ohun tó tọ́ nípa iye náà, kí ó sì sọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní àwọn yóò béèrè. A gbà pé wọ́n béèrè.

Kò sí èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìròyìn ìkọ́ṣẹ́ tí ó gbé síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Àṣírí oníbàárà kì í jáde, ìyẹn náà wà lára iṣẹ́. Ojú ìwé ogójì ni ó kọ nípa ìwé báǹkì àti ìwé báǹkì, wọ́n sì yìn ín. Ní báyìí, ó ti ń sọ pé òun yóò tẹ̀ síwájú títí dé DECOFI.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, kí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ tó parí, wọ́n rán an padà sí ilé ìkẹ́rù náà láti mú ìwé kan wá. Bàbá náà kò sí nídìí ẹrù mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi sí, ó ń ṣí géètì fún ọkọ̀. Ọkọ̀ àbúrò ọ̀gá wà nínú ọgbà. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí zémidjan, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó kí i. Bàbá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì ṣí géètì.

"Wọlé," ni ó wí. "Wọ́n ti ra àkàsọ̀ tuntun."