Ẹgbẹ́ Ìkẹ́kọ̀ọ́ fún Kẹ́mísírì, Físíìsì àti Ìṣirò ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti jọ ń yanjú ìbéèrè líle nínú kọ́ọ̀sì kan, bíi CHM 101 tàbí MTH 101. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe kọ́ọ̀sì náà ṣáájú, tó sì yege dáadáa, ló ń darí rẹ̀. Kì í kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ìbéèrè ló fi ń tì wọ́n síwájú. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí tùtóríà tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, tí gbogbo èrò ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ tó ti Ayépé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjagun lè ti máa gba ipò kìíní ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó bá ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí èrò kún, ojú sì ń tì í láti nawọ́ béèrè. Ohun tí kò yé e, á gbé e lọ sí yàrá, á dá jókòó tì í. Níbẹ̀ ni kári-ófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ kùnà tó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Uri Treisman, onímọ̀ ìṣirò kan, rí irú rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní àwọn ọdún 1970. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó mọ̀wé ń fìdí rẹmi nínú kákúlọ́ọ̀sì, àwọn olùkọ́ sì gbà pé ìṣẹ́ ilé wọn tàbí àìfọkànsí ló fà á. Treisman kíyè sí ogún nínú wọn, àti ogún tó tan mọ́ Ṣáínà. Ṣe ni àwọn dúdú ń dá kàwé. Àwọn ti Ṣáínà a kọ́kọ́ dá ṣe iṣẹ́ wọn, lẹ́yìn náà wọn a pàdé, wọn a yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Treisman wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì pè é ní ìrànwọ́ fún ẹni tó rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́: ìbéèrè tó le gan-an ló gbé síwájú wọn, máàkì wọn sì gòkè. Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tó gba ẹ̀bùn Kalinga ti UNESCO ní 1992, ti ń ṣèwádìí ìkẹ́kọ̀ọ́ àjọṣe nínú sáyẹ́ǹsì láti àwọn ọdún 1980.

Ká ní ìbéèrè kan nínú ìpàdé sọ pé gíráàmù 5.3 sódíọ́ọ̀mù kábọ́néètì wà nínú àpòpọ̀ tó jẹ́ 250 cm³, pé móòlù mélòó ló máa wà nínú lítà kan. Ẹnì kan á fi 106, ìyẹn ìwọ̀n móòlù kan rẹ̀ ní gíráàmù, pín 5.3, á rí 0.05. Ẹlòmíràn á sáré fi 250 pín in, á ní 0.0002. Olùdarí ò ní sọ pé ó ṣì í. Á béèrè pé lítà mélòó ni 250 cm³. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni, ìdáhùn sì jẹ́ 0.2. Ọmọ tó ṣì í, tó sì fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé bó ṣe tún un ṣe, kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

Àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ àáró, ìyẹn kí wọ́n máa jọ ṣiṣẹ́ lóko ara wọn, tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ láìmú ọkọ́ dání. Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ti gbìyànjú ìbéèrè náà kó tó wá. Wákàtí kan àbọ̀ sí méjì tó fún ìpàdé kan. Ẹni tó bá dé lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àti bébà, kó kọ́kọ́ dá a wò. Ẹni tó bá sì ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn yòókù lẹ́nu, kí olùdarí ní kó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ.