Ilé Ìyá Náàsó ní Bahia: Ìdásílẹ̀ àti Àkóso Rẹ̀

Ọ̀rányàn kò jìnnà sí Ọjà-Ọba ní Ìbàdàn. Orúkọ yìí kan náà ni ìtàn Ọ̀yọ́ fi pe bàbá Ṣàngó. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé ní òkè òkun, ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn obìnrin Yorùbá kọ́ ilé fún Ṣàngó, tí obìnrin sì ń ṣe olórí níbẹ̀ títí di òní?

Oyè ààfin ni Ìyá Náàsó ní Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ni ó ń tọ́jú ojúbọ Ṣàngó ti Aláàfin. Ní ìdajì àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì 19, nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ ká, tí a ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú, Francisca da Silva, tí a mọ̀ sí Ìyá Náàsó, wà lára àwọn tí ó dá ilé òrìṣà kan sílẹ̀ ní ìlú Salvador. Ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí bẹ́ sílẹ̀ ní 1835. Ìjọba dá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́bi, òun náà sì padà sí Áfíríkà ní 1837. Síbẹ̀ ilé náà kò tú. Marcelina da Silva, tí ó bá a lọ, padà wá gba àkóso.

Ìyálórìṣà ni olórí ilé. Ìyá Kékeré ni igbákejì rẹ̀. Ìyábàsè ni ó ń se oúnjẹ òrìṣà. Ọdún tí ènìyàn ti wọlé òrìṣà ni a fi ń mọ àgbà, kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Bí olórí bá kú, owó ẹyọ ni a ń dà láti mọ ẹni tí ó kàn. Ní ilé àwọn obìnrin onísìn ní Quedlinburg ní Jámánì, tí a dá sílẹ̀ ní 936, ọmọbìnrin Ọba Otto ni a fi jẹ olórí ní 966. Ìran ni ó gbé e dé ipò. Ní Bahia, ìsìn ni.

Àríyànjiyàn kò ṣàì wáyé. Nítorí ọ̀ràn oyè ni Eugênia Ana dos Santos fi kúrò, tí ó sì dá Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910. Ní àárín àwọn ọdún 1930, ó fi ọkùnrin 12 jẹ Ọba Ṣàngó, 6 lọ́tùn-ún, 6 lósì. Kakaǹfò, Oníkòyí, Olúgbọ́n àti Arẹ̀sà wà nínú orúkọ oyè wọn. Wọn kì í ṣe olórí ilé. Alátìlẹ́yìn ni wọ́n níwájú ìjọba, nítorí títí di 1976 ni ilé òrìṣà ní Bahia ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ènìyàn ń kú, oyè kì í kú. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ tiwa náà, tí í máa ń fẹ́ tú bí alága bá ti jáde, kọ́ ọgbọ́n yìí.