Láti Orí Ewé Ìpín Dé Orí Ẹ̀rọ Tó Ń Ha Pákó

Ẹ bi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Ṣúpárè Àkókó pé èwo ló sú u jù nínú iṣẹ́ tó ń kọ́. Kò ní í dárúkọ ayùn, kò ní í dárúkọ òòlù. Sáńpépà ló máa pè. Orí tábìlì ìrókò kan ṣoṣo lè gba ààbọ̀ ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: á ha á, á fẹ́ eruku nù, á tún bẹ̀rẹ̀, orí ìka á máa ta á. Bí ọ̀gá bá wá fọwọ́ ra á, tó ní "kò tíì dán", ojú ọmọ á pọ́n.

Ìyà náà ti pẹ́. Kí sáńpépà tó dé, ewé ìpín ni wọ́n fi ń ha igi àti igbá, ewé tó rí ṣákiṣàki bí ahọ́n ológbò. Lọ́dún 1833 ni John Oakey ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi ìgò lílọ̀ lẹ̀ mọ́ bébà tà. Lọ́dún kejì, Isaac Fisher gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó wá ku kí ẹnì kan wé bébà yìí mọ́ ohun tó ń yí.

Ẹ̀rọ tó ń ha pákó kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òyìnbó ń pè é ní ìlù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í lù ú. Ti ilé iṣẹ́ wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n káfíńtà káàkiri ayé ń kan tiwọn fúnra wọn, mi ò sì rí ohun kan lára rẹ̀ tí èèyàn ò lè wá rí ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà: irin gbọọrọ, bẹ́ríìnì méjì, púlì, bẹ́líìtì, mótò iná bíi ti ẹ̀rọ ata. Wọ́n á gé pláíwúùdù ní róbótó, wọ́n á sín in sórí irin bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á fi gúlù lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí o: ìlù tí a fọwọ́ kàn kì í yí dọ́gba. Wọ́n á fi pẹ́ńsùlù kun ara rẹ̀, wọ́n á tan mótò, wọ́n á wá máa gbé pákó títẹ́jú tí wọ́n lẹ sáńpépà mọ́ sún mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ga ni pẹ́ńsùlù ti ń kọ́kọ́ parẹ́. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parẹ́ tán ni wọ́n tó lè wé sáńpépà mọ́ ọn, bí ẹni wé báńdéèjì mọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, pákó rẹ̀ á jáde pẹ̀lú igbi.

Tábìlì abẹ́ ìlù, tí pákó ń gba orí rẹ̀ kọjá, ní ìdè bíi ti ilẹ̀kùn lápá kan, bóòtù lápá kejì. Bóòtù M10 tí a yí lẹ́ẹ̀kan ń gbé etí tábìlì sókè ní mìlímítà kan àbọ̀. Bí ìlù bá wà láàárín ìdè àti bóòtù, ìdajì ìyẹn ló máa kàn án. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan ti tó fún pákó líle.

Ẹ má ti pákó síbi tí ìlù ń yí sí láé. Ẹ tì í kò ó lójú ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlù á já a gbà lọ́wọ́ yín, á jù ú síta bí òkò. Eruku ìrókò ń yún ara, ó ń dí èémí, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fà á láti ọdún 1995. Kí ẹ tó tan iná rárá, ẹ kan àpótí bo ìlù náà, kí ẹ sì ra ìbomú fún ọmọ tó máa dúró tì í.